Iná Alẹ́, Ọpọlọ àti Oorun: Kí Ló Dé Tí A Fi Ń Tòògbé ní Kíláàsì?

  Nínú ìwé ìròyìn ti sáà yìí, èmi ni wọ́n ní kí n kọ nípa sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá. Àwọn kan ní Yorùbá ò ṣe é fi ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá òótọ́ ni.

Ohun tí mo yàn láti kọ nípa rẹ̀ ni ìbéèrè tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan béèrè ní ìpàdé. Ó ní: "Bí wọ́n bá mú iná lọ ní aago 8 alẹ́, kí aago 9 tó lù, gbogbo wa ti ń yán. Ṣùgbọ́n bí iná bá wà, aago 11 á lù, ojú wa á ṣì dá ṣáká. Àbí oorun ń bẹ̀rù iná ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni, torí pé ohun kan náà ló ń fà á tí àwa kan fi ń tòògbé ní àárọ̀ nígbà tí olùkọ́ ìṣirò bá ń kọ nǹkan sójú pátákó. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé oorun ń sá fún iná lóòótọ́, ọpọlọ wa gan-an ló sì ń lé e. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣe é.

Agogo kan wà nínú orí wa

Olúkúlùkù wa ló gbé agogo kan sínú orí. Kò ní bátìrì, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbọ́ ìró rẹ̀. Inú ọpọlọ ló wà, lókè ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé ara wọn. Orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é gùn bí oríkì: suprachiasmatic nucleus. Nínú àròkọ yìí, agogo inú ni ká máa pè é. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì kan lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀ tó bí 20,000. Òun ló ń sọ fún ara ìgbà tó yẹ kó gbóná díẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó tutù, ìgbà tí ebi yóò máa pa wá àti ìgbà tí oorun yóò máa kùn wá.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé agogo náà wà? Ní ọdún 1962, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Michel Siffre wọ inú ihò kan lábẹ́ òkè, ó sì gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì. Ẹni ọdún 23 ni nígbà náà. Kò mú aago dání, kò sì rí oòrùn rárá. Ó ń jẹun nígbà tí ebi bá ń pa á, ó ń sùn nígbà tí oorun bá ń kùn ún. Nígbà tí wọ́n pè é jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, ó rò pé ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ni! Ó ti ṣi ọjọ́ kà pátápátá. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò ṣì í kà. Ó ṣì ń sùn, ó ṣì ń jí bí ẹni tó wà lókè ilẹ̀, àfi pé ọjọ́ tirẹ̀ fi díẹ̀ gùn ju wákàtí 24 lọ.

Díẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1999, Charles Czeisler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard ní Amẹ́ríkà wọn agogo inú ènìyàn dáadáa, wọ́n sì rí i pé ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 kó tó yí po. Ìyẹn ni pé agogo inú wa ń falẹ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́, bí aago ògiri tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Bí a ò bá ń tún un ṣe, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa pe ọ̀sán ní òru. Ta ló wá ń tún un ṣe? Ìmọ́lẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ máa ń tì í síwájú, ìmọ́lẹ̀ alẹ́ máa ń fà á sẹ́yìn.

Iṣẹ́ lórí agogo yìí níyì débi pé àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2017. Eṣinṣin kéékèèké tó máa ń bà lé èso tó ti pọ́n jù ni wọ́n lò fún ìwádìí wọn. Bí ẹ bá tún rí i lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín, ẹ má fojú yẹpẹrẹ wò ó o, ó ti ran ènìyàn mẹ́ta lọ́wọ́ láti gba Nobel.

Ojú wa ń ṣe iṣẹ́ méjì

Nínú Basic Science, wọ́n kọ́ wa pé ojú ló ń jẹ́ ká ríran. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ku iṣẹ́ kan tó ń ṣe. Fún ọdún gbọọrọ, sẹ́ẹ̀lì oríṣi méjì ni àwọn onísáyẹ́ǹsì mọ̀ pé ó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú. Ọ̀kan ń jẹ́ rod, òun ló ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn bàìbàì. Èkejì ń jẹ́ cone, òun ló ń jẹ́ ká mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé.

Ní ọdún 1998, Ignacio Provencio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí nǹkan tuntun kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i? Lára awọ ọ̀pọ̀lọ́ kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ẹ wo àmì ohùn yẹn dáadáa o: ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò létí omi ni mo wí, kì í ṣe ọpọlọ inú orí. Wọ́n pe nǹkan náà ní melanopsin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i nínú ojú ènìyàn. Ní ọdún 2002, David Berson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Brown fi ojú eku hàn wá pé sẹ́ẹ̀lì oríṣi kẹta wà. Wọn ò pọ̀, iṣẹ́ wọn kì í sì í ṣe pé kí wọ́n ya àwòrán ohun tí a ń wò. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa ránṣẹ́ sí agogo inú: "Ilẹ̀ ṣì mọ́ o," tàbí "Ilẹ̀ ti ṣú o."

Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣeé ṣe fún afọ́jú kan láti má rí nǹkan kan, síbẹ̀ tí agogo inú rẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì oríṣi kẹta yẹn bá ṣì wà láàyè nínú ojú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń dé ọpọlọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn náà bá ti kú, agogo inú afọ́jú mìíràn lè máa yí gbiri, kí oorun máa kùn ún lọ́sàn-án ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tún padà sí òru ní ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Àwọ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí fẹ́ràn jù ni àwọ̀ búlúù, irú èyí tó wà lójú ọ̀run nígbà tí kò sí kùrukùru. Ó bọ́gbọ́n mu, àbí? Bí ojú ọ̀run bá ti rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ pupa, irú èyí tí iná ìdáná máa ń mú jáde, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu.

Akéde alẹ́

Bí agogo inú bá ti gbà pé ilẹ̀ ti ṣú, ó máa ń rán akéde jáde. Akéde náà ni họ́mọ́ònù kan tí wọ́n ń pè ní melatonin. Aaron Lerner àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Yale ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1958. Ẹṣẹ́ kékeré kan láàárín ọpọlọ ló ń tú u jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Melatonin kì í gbá ènìyàn lórí kó sùn o. Bí akéde ọba ló ṣe ń ṣe: ó ń lọ káàkiri ara, ó ń sọ pé kí gbogbo iṣẹ́ máa rọlẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú àsìkò tí ènìyàn máa ń sùn.

Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí ojú, akéde yìí á dákẹ́. Ní ọdún 1980, Alfred Lewy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tan ìmọ́lẹ̀ tó lágbára sójú àwọn ènìyàn lóru, wọ́n sì rí i pé melatonin inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ wàrà. Nígbà náà, wọ́n rò pé ìmọ́lẹ̀ tó lágbára gan-an nìkan ló lè ṣe é. Nígbà tó yá, ní ọdún 2011, Joshua Gooley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé iná yàrá lásán, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń tàn sílé, tó láti dá akéde náà dúró.

Nítorí náà, ẹ wo ìbéèrè ọmọ ẹgbẹ́ wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ ní aago 8, akéde jáde lásìkò, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Nígbà tí iná wà, agogo inú rò pé oòrùn ò tíì wọ̀, ó ní kí akéde ṣì jókòó. Ká kúkú sọ ọ́ báyìí: oòrùn ló ń lé oorun, iná sì ń ṣe bí oòrùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àmì ohùn ò wúlò, ẹ ní kó kọ gbólóhùn yẹn láìfi àmì sí i, kí ẹ wá wò ó bóyá yóò lè kà á.

Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó?

Wọ́n ń fi lux wọn ìmọ́lẹ̀, bí a ṣe ń fi kìlógíráàmù wọn ìrẹsì. Àbẹ́là kan tó wà ní mítà kan sí ọ ń fún ọ ní nǹkan bíi lux 1. Òṣùpá tó yọ kíkún ò tó lux 1 rárá. Kíláàsì tí iná rẹ̀ mọ́ dáadáa máa ń wà láàárín lux 200 sí 500. Oòrùn ọ̀sán gangan níbí ní Minna lè kọjá lux 100,000. Ojú wa ò mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí pé ó máa ń tètè bá ìmọ́lẹ̀ mu.

Ẹ wá rò ó wò. Àwọn ìyá ńlá wa ń pa àlọ́ lábẹ́ òṣùpá, àwọn ọmọdé ń ṣe eré òṣùpá, bàbá àgbà ń jókòó ti àtùpà elépo tàbí fìtílà. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn kéré, pupa àti yẹ́lò ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àlọ́ lè dùn títí, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń pa á ò lè dí akéde alẹ́ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí àlọ́ tó parí, àwọn ọmọ kan á ti sùn lọ sórí ẹní.

Ní ayé tiwa ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Niger ni wọ́n ń pè ní Power State, torí pé ibí ni ìdídò ńláńlá tó ń mú iná mọ̀nàmọ́ná jáde wà. Wọ́n ṣí Kainji lórí Odò Ọya ní ọdún 1969, agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 760. Jebba tẹ̀ lé e lórí odò kan náà. Lórí Odò Kaduna, Shiroro bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1990 pẹ̀lú mẹ́gáwáàtì 600, Zungeru tó jẹ́ tuntun ní mẹ́gáwáàtì 700. Àwọn odò wọ̀nyí ló ń tan iná sílé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà. Nígbà tí iná bá dé lálẹ́ ní Tunga tàbí ní Bosso, tí àwọn ọmọdé sì kígbe "Up NEPA!", kì í ṣe ilé nìkan ni iná yẹn ń tàn sí. Ó ń tàn sínú ọpọlọ pẹ̀lú.

Bẹ́ẹ̀ sì ni gílóòbù ti yí padà. Gílóòbù LED funfun tó wà níbi gbogbo báyìí, búlúù ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Japan mẹ́ta, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ló ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ kí LED búlúù ṣeé ṣe, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2014. Iṣẹ́ ńlá ni, torí pé gílóòbù náà kì í jẹ iná púpọ̀, ó tún ń lo pánẹ́ẹ̀lì oòrùn dáadáa. Ṣùgbọ́n búlúù yẹn ni sẹ́ẹ̀lì oríṣi kẹta ojú wa fẹ́ràn jù.

Ṣé iná alẹ́ burú ni?

Rárá o. Iná alẹ́ ń jí ọpọlọ, ìyẹn sì wúlò fún ẹni tó gbọ́dọ̀ wà lójúfò. Ní ọdún 2000, Christian Cajochen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí wọ́n wà lójúfò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi lóru. Wọ́n rí i pé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú àwọn ènìyàn náà ń dá sí i. Ìmọ́lẹ̀ bíi lux 100 péré ti tó láti mú ìdajì ìjíròrò ọpọlọ yẹn wá, ìdajì ohun tí ìmọ́lẹ̀ tó ju lux 9,000 lọ lè ṣe. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ aláìsàn lóru nílò irú iná bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ àti ọlọ́dẹ náà nílò rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà nílò iná. Ní ọdún 2007, àwọn oníròyìn kọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Conakry, olú-ìlú Guinea, tí wọ́n máa ń lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní pápákọ̀ òfuurufú Gbessia lálẹ́. Wọn kì í rìnrìn àjò lọ síbì kankan. Iná ibẹ̀ ni wọ́n lọ fi kàwé, torí pé kò sí iná nílé wọn, ìdánwò sì ti dé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jókòó sí lábẹ́ òpó iná. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ iná alẹ́, mi ò gbàgbé àwọn yẹn. Ẹni tí kò ní iná rárá kò ní pè é ní ìṣòro.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ìgbà tí iná bá jí ọpọlọ nígbà tó yẹ kí ọpọlọ sùn. Ní ọdún 2015, Anne-Marie Chang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí ènìyàn 12 máa kàwé fún wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó sùn. Ní alẹ́ márùn-ún, ìwé tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ni wọ́n kà. Ní alẹ́ márùn-ún mìíràn, ojú ẹ̀rọ tó ń tan iná ni wọ́n ti kà á. Nígbà tí wọ́n ka ti orí ẹ̀rọ, ó gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú 10 sí i kí oorun tó gbé wọn lọ. Agogo inú wọn fi ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ falẹ̀. Èyí tó kàn wá jù ni pé, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú wọn ò tètè dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye wákàtí kan náà ni wọ́n fún wọn láti fi sùn.

Ènìyàn 12 ò pọ̀, ẹ̀rọ náà sì mọ́lẹ̀ dé òpin, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé fóònù fún ìṣẹ́jú kan yóò ba ayé òun jẹ́. Bákan náà, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ nìkan ló wà nínú fóònù. Fíìmù àti géèmù máa ń jí ọkàn, kódà bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú.

Ọjọ́ orí wa ńkọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ibí yìí dáadáa. Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà, agogo inú rẹ̀ máa ń yí sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Mary Carskadon ti Yunifásítì Brown ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí èyí. Akéde alẹ́ àwa ọ̀dọ́ máa ń pẹ́ kó tó jáde ju ti ọmọ kékeré lọ. Ẹyinjú wa sì mọ́ ju ti àgbàlagbà lọ, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ń gbà á wọlé. Nítorí náà, bí iná kan náà bá tàn sí èmi àti bàbá mi àgbà, èmi ló máa lé oorun kúrò lójú rẹ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ọmọ ò bá tètè sùn ló jẹ́ oríkunkun.

Ní ọdún 2016, àwọn dókítà onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lóru kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tiwa. Aago 10 ni wọ́n ń pa iná ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, aago 5 ni agogo ìdájí ń lù. Wákàtí 7 nìyẹn. Wákàtí 8 lọ́nà 7 jẹ́ 56, wákàtí 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó sùn ní kété tí iná kú ti pàdánù wákàtí 7, bí ẹni tí kò sùn rárá ní òru kan gbáko. Ẹni tó tún wá fi tọ́ọ̀ṣì kàwé lábẹ́ aṣọ ìbora títí di aago 11 ààbọ̀ ń sùn fún wákàtí 5 ààbọ̀. Lọ́sẹ̀ kan, wákàtí 17 ààbọ̀ ló ń pàdánù.

Àwọn kan á ní, "Ṣùgbọ́n ìwé ni mo ń kà." Ẹ gbọ́ o: nígbà tí a bá ń sùn, ọpọlọ ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án sí àyè wọn kí wọ́n má baà sọnù. Ẹni tó bá fi oorun kàwé dà bí àgbẹ̀ tó ń kórè, tí kò sì ní àkókò láti kó o sínú àká. Òjò á pa á lóko.

Iná ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì

Ohun kan wà tí mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Iná sẹ́kọ́ríìtì funfun ńlá kan wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ojú fèrèsé ló sì kọ sí. Àwọn tó ń sùn lórí búńkì òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ń fi aṣọ bojú kí wọ́n tó lè sùn.

Mi ò ní kí wọ́n pa iná náà o. Gbogbo wa ní Ìpínlẹ̀ Niger la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kagara ní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí àwọn agbébọn wọ Government Science College lóru, tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí wọ́n sì kó 27 mìíràn lọ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí òbí tó ní ọmọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí kì í ronú nípa òru. Àwọn àgbà sì ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀. Iná yẹn ń ṣọ́ wa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ejò wà nínú koríko, àwa kan sì ń dìde lóru lọ sílé ìtura.

Ṣùgbọ́n iná tó ń ṣọ́ wa ò ní láti máa wò wá lójú. Ara ògiri ọgbà ni olè àti ejò ń gbà wọlé, kì í ṣe orí ìrọ̀rí wa. Bí wọ́n bá yí orí iná náà sísàlẹ̀ kí ó kọjú sí ògiri, tàbí tí wọ́n fi páànù kékeré ṣe ìborí sí i lápá ibi tí fèrèsé wà, ọlọ́dẹ á tún ríran dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé ìmọ́lẹ̀ ò ní máa bọ́ sí ojú òun náà. Àwa náà á sì sùn.

Ohun tí a lè ṣe

Àwọn nǹkan wọ̀nyí ò gba owó púpọ̀:

1. Kí a ka ìwé tó le jù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò ìkàwé alẹ́, kí ó má baà ku iṣẹ́ tí a ó fi tọ́ọ̀ṣì ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì.

2. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé sí i, kó sùn ní aago 10, kó fi kún ìwé kíkà ìrọ̀lẹ́ tàbí ti ọjọ́ Sátidé. Ọpọlọ tó sùn máa ń kàwé yára ju èyí tí kò sùn lọ.

3. Ẹni tó bá ń lọ sílé ìtura lóru, kó da tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kó má tàn án sójú ẹni tó ń sùn. Ẹ̀yin sínọ̀, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín lórí èyí.

4. Kí a fi aṣọ tó nípọn díẹ̀ ṣe kọ́tìnnì sí fèrèsé tó kọjú sí iná, ṣùgbọ́n kó má dí atẹ́gùn, torí ooru Minna ní oṣù kẹta kì í ṣe kékeré.

5. Kí a jáde sí ìta ní àárọ̀. Oòrùn àárọ̀ ló ń ti agogo inú síwájú, kí oorun lè tètè kùn wá lálẹ́. Ìdúró wa lórí pápá lárààárọ̀ tí àwa kan máa ń ráhùn lé lórí ń ṣe wá láǹfààní.

6. Nígbà ọlidé, kí a gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn ní wákàtí kan kí a tó sùn. Bí gílóòbù yẹ́lò bá wà nílé, òun ni kí a tàn lálẹ́.

Ní ti iná ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá họ́sítẹ́ẹ̀lì kí sáà yìí tó parí. Ní èdè Yorùbá la ó kọ ọ́, a ó sì kọ ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn nítorí àwọn ọ̀gá wa tó jẹ́ Nupe, Gbagyi àti Hausa. Bí ẹ bá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ wá sí ìpàdé Ọjọ́bọ̀, kí ẹ wá sọ bí iná náà ṣe ń ṣe yín, ká lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà. Ẹ má tòògbé níbẹ̀ o.